Wèrè Dùn-ún Wò: Ìtàn Àwọn Fíìmù Ìfẹ́ Tó Di Àìsàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, ẹ rọra o, kí ẹ má baà kọjá ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ fíìmù la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọmọkùnrin kan ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò ṣe. Ọmọkùnrin náà kò gbọ́. Tá a bá jáde ní kíláàsì, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tá a bá lọ jẹun ní búkà, ó ti jókòó síbẹ̀ kí á tó dé. Ó ra búrẹ́dì, ó ra ohun mímu, ó kọ lẹ́tà olójú-ìwé mẹ́jọ. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nítorí ìpè òru. Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin náà wá bá mi, omijé lójú rẹ̀, ó ní kí n ṣàánú òun. Mo fún un ní nọ́ńbà tuntun náà.

Ẹ má tíì bú mi. Lójú mi nígbà yẹn, ìfẹ́ ni mò ń ràn lọ́wọ́. Fíìmù tí mo ti wò láti kékeré ló kọ́ mi pé ọkùnrin tí kò bá jẹ́ kó sú òun ni yóò fẹ́ obìnrin náà níkẹyìn. Ẹni tí wọ́n kọ́ mi láti bẹ̀rù nínú fíìmù, obìnrin ni: irun rẹ̀ á rí wúruwùru, ojú rẹ̀ á ranko, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin yìí kò mú ọ̀bẹ dání. Búrẹ́dì ló mú wá.

Láti ọdún náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ló ya àwòrán yẹn sí mi lórí? Mo wá a lọ, mo sì rí i pé ó ní ìtàn. Ìtàn ọ̀hún la fẹ́ sọ.

Obìnrin tó ń pe rédíò lóru

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1971, ní Amẹ́ríkà. Clint Eastwood, tí àwọn bàbá wa mọ̀ nínú fíìmù kaboí, fẹ́ darí fíìmù fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Fíìmù tó yàn ni Play Misty for Me. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jo Heims ló gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀. Ìlú kékeré kan létí òkun ní California, Carmel, ni wọ́n ti yà á.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Dave jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tó máa ń lo orin jáásì lóru. Obìnrin kan máa ń pè é ní gbogbo ìgbà pé kó bá òun lo orin kan náà. Wọ́n pàdé ní ilé ọtí, wọ́n sun ọjọ́ kan pọ̀. Lójú Dave, ó tán síbẹ̀. Lójú Evelyn, ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ra oúnjẹ wá sílé rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó já lu ìpàdé iṣẹ́ rẹ̀. Ó gé ara rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Ó ṣá ẹni tó ń bá Dave tọ́jú ilé. Níkẹyìn, ó mú ọmọbìnrin tí Dave fẹ́ràn lóǹdè, Dave gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó sì jábọ́ sínú òkun.

Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nídìí máíkì lójoojúmọ́, fíìmù yìí dẹ́rù bà mí gidi. Jessica Walter tó ṣe Evelyn mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì: ẹ ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín, ká tó ṣẹ́jú, ó ti ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan. Fíìmù náà kò bi wá léèrè rí pé kí ló ṣe Evelyn. Ta ni òbí rẹ̀? Ibo ló ti ń bọ̀? Wọ́n tilẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan nínú ìtàn náà, kìkì pé kó lè jáde padà wá pẹ̀lú ọ̀bẹ ni. Lójú fíìmù yẹn, ilé ìtọ́jú ò yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tí èèyàn ń gbà kọjá.

Ọmọ gbajúmọ̀ tó gbàgbé ojú olólùfẹ́

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1975, François Truffaut gbé fíìmù mìíràn jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ti òun yàtọ̀, nítorí ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. Adèle ni ọmọbìnrin Victor Hugo, òǹkọ̀wé tí gbogbo Faransé ń wárí fún. Wọ́n bí i ní 1830. Ó fẹ́ràn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Pinson, Pinson kò sì fẹ́ ẹ. Ní 1863, wọ́n gbé Pinson lọ sí Halifax ní Kánádà. Adèle wọkọ̀ ojú omi, ó tẹ̀ lé e. Ó parọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé àwọn ti ṣègbéyàwó. Nígbà tí wọ́n tún gbé Pinson lọ sí Barbados, ó tún tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀.

Òpin fíìmù yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Barbados, Adèle ń rìn kiri ojú títì pẹ̀lú aṣọ tó ti ya. Pinson fúnra rẹ̀ ló wá dúró níwájú rẹ̀. Adèle kọjá lára rẹ̀, kò dá a mọ̀. Ọkùnrin tó torí rẹ̀ la òkun já ti di àlejò lójú rẹ̀. Ní ojú ayé, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Barbados ló ṣàánú rẹ̀ tó sì mú un padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Faransé ní 1872. Ilé ìtọ́jú ló wà títí tó fi kú ní 1915.

Dókítà ọpọlọ kan, ọmọ Faransé náà, Gaëtan Gatian de Clérambault, wá ṣàlàyé irú àìsàn kan ní 1921 tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. Ẹni tó ní in á gbà gbọ́ pátápátá pé ẹnì kan, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ga jù ú lọ, ló ń fẹ́ òun ní ìkọ̀kọ̀. Tí ẹni náà bá sọ pé rárá, yóò ní àmì ni. Tó bá dákẹ́, àmì náà ni. Tó bá ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, ó ń dán ìfẹ́ òun wò ni. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe pé ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń sọ fún un ni kì í ṣe òótọ́.

Nítorí náà, kí 1980 tó dé, ọ̀nà méjì ti wà nílẹ̀ láti sọ irú ìtàn yìí. Ọ̀kan ní ẹranko búburú ló wọlé. Èkejì ní èèyàn kan ń ṣàìsàn. Fíìmù tó jókòó láàárín ọ̀nà méjèèjì, tó sì ní láti yan ọ̀kan, ni mo fẹ́ dé báyìí.

Fíìmù kan, ìparí méjì

James Dearden, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fíìmù kúkúrú kan ní 1980 tó pè ní Diversion. Ọkọ ìyàwó kan yan àlè ní òpin ọ̀sẹ̀, wàhálà sì dé. Ẹ̀bi ọkùnrin náà ni ìtàn yẹn dá lé lórí. Hollywood rà á, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú, wọ́n gbé e fún Adrian Lyne láti darí. Ní 1987, ó jáde ní orúkọ Fatal Attraction.

Michael Douglas ni Dan, lọ́yà kan ní New York tó ní ìyàwó àti ọmọ. Glenn Close ni Alex, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde. Wọ́n jọ wà pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí Dan fẹ́ máa lọ, Alex gé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní òun lóyún. Ó ń pè é, ó ń tẹ̀ lé e, ó da ásíìdì sí mọ́tò rẹ̀. Ehoro tí ọmọ Dan ń sìn, ó sè é sínú ìkòkò lórí sítóòfù wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi orúkọ asehoro pe obìnrin tí kò bá fẹ́ kí ọkùnrin fi òun sílẹ̀.

Kí Close tó ṣe eré náà, ó gbé ìwé eré lọ bá àwọn dókítà ọpọlọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó lè mú èèyàn hùwà bẹ́ẹ̀. Látinú ohun tó gbọ́, ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n ti fìyà jẹ Alex nígbà tó wà lọ́mọdé. Alárùn ló ṣe, kì í ṣe òṣìkà.

Ìparí tí wọ́n kọ́kọ́ yà sì bá èyí mu. Nínú rẹ̀, Alex gba ẹ̀mí ara rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tí ìtẹ̀ka Dan wà lára rẹ̀, orin òpérà Madama Butterfly sì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wá mú Dan. Ìyàwó rẹ̀ ló rí kásẹ́ẹ̀tì kan tí Alex ti sọ pé òun yóò pa ara òun. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun. Obìnrin kan kú, ilé kan fọ́.

Kí wọ́n tó gbé fíìmù náà jáde, wọ́n fi han àwọn òǹwòran kan láti mọ bí yóò ṣe rí lára wọn. Inú àwọn òǹwòran náà kò dùn sí ìparí yẹn. Wọ́n fẹ́ kí Alex jìyà. Ilé iṣẹ́ fíìmù ní kí àwọn òṣèré padà wá ya ìparí mìíràn. Close kọ̀. Ó jà fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Níkẹyìn, ó gbà.

Ìparí tuntun náà ni gbogbo ayé mọ̀. Alex yọ́ wọ balùwẹ̀ ìyàwó Dan pẹ̀lú ọ̀bẹ. Dan tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi ìwẹ̀. Ó dákẹ́. A rò pé ó ti kú. Lójijì ó tún dìde látinú omi bí iwin, ìyàwó Dan sì yìnbọn lù ú. Lẹ́yìn náà, kámẹ́rà rìn lọ sára fọ́tò ẹbí náà nínú férémù, ó dúró síbẹ̀.

Fíìmù tí wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 dọ́là lé lórí pa ju mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ káàkiri ayé. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ìkankan. Akọ̀ròyìn Susan Faludi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Backlash ní 1991 pé àwọn ọkùnrin ń pariwo nínú sinimá pé kí wọ́n pa obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ ajé ló ṣẹ́gun. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n gbé ìparí àkọ́kọ́ jáde sórí fídíò. Mo wo méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo pàtẹ́wọ́. Ní ti àkọ́kọ́, n kò lè sùn.

Hollywood kò sì gbàgbé ohun tó pa owó. Single White Female dé ní 1992, The Crush ní 1993, Swimfan ní 2002, títí dórí Obsessed ní 2009, níbi tí Beyoncé ti bá obìnrin tó ń lépa Idris Elba jà nínú ilé. Fọ́nrán kan náà ni: obìnrin wèrè, èèyàn tó kó sí wàhálà.

Ojú ayé ńkọ́?

Ní àsìkò kan náà tí wọ́n ń ya àwọn fíìmù wọ̀nyí, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta sinimá.

Ní 1976, Jodie Foster, ọmọdébìnrin, ṣeré nínú Taxi Driver. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ John Hinckley wo fíìmù náà léraléra. Ó tẹ̀ lé Foster dé Yunifásítì Yale, ó ń fi lẹ́tà sí abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń pè é lórí fóònù. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 1981, ó yìnbọn lu Ààrẹ Ronald Reagan níwájú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Washington kí Foster lè mọ òun. Èèyàn mẹ́rin ni ọta bá. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ní 1982 pé kò jẹ̀bi nítorí àìsàn ọpọlọ, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Inú bí àwọn ará Amẹ́ríkà débi pé wọ́n yí òfin padà ní 1984 kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣòro.

Ní ọjọ́ 18 oṣù keje 1989, ọkùnrin kan tẹ agogo ilẹ̀kùn òṣèrébìnrin Rebecca Schaeffer ní Los Angeles. Ọmọ ọdún 21 ni Schaeffer. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkùnrin náà ti ń ronú nípa rẹ̀. Schaeffer bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní kó máa lọ. Ó lọ, ó padà wá, ó yìnbọn pa á. Báwo ló ṣe mọ ilé rẹ̀? Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni kan ló bá a gbà àdírẹ́sì náà nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan jókòó sídìí tábìlì, ó fún un ní àdírẹ́sì. Nígbà tí mo ka ibi yẹn, mo gbé fóònù mi sílẹ̀. Mo rántí nọ́ńbà tí èmi náà fúnni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1990, ni California ṣe òfin tó sọ títẹ̀lé èèyàn kiri di ẹ̀ṣẹ̀. Òun ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1994, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta àdírẹ́sì àwọn onímọ́tò. Ní Nàìjíríà tiwa, òfin tí à ń pè ní VAPP, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2015, ka títẹ̀lé èèyàn kiri mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni lọ sẹ́wọ̀n.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọkùnrin ni Hinckley. Ọkùnrin ló pa Schaeffer. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń se ehoro ni sinimá ní ká máa bẹ̀rù.

Tí ọkùnrin bá sì wá jẹ́ alépa nínú fíìmù ńkọ́? Ní 1993, Yash Chopra gbé Darr jáde ní Íńdíà. Shah Rukh Khan ni ọmọkùnrin tó ń pe obìnrin kan lórí fóònù, tó ń kólòlò lórí orúkọ rẹ̀, tó fẹ́ pa ọkọ rẹ̀. Òun gan-an ni àwọn òǹwòran fẹ́ràn jù, kì í ṣe ọkọ. Ìjọba Íńdíà fún fíìmù náà ní àmì ẹ̀yẹ gẹ́gẹ́ bí eré ìgbádùn tó bójú mu. Ní ìgbà tiwa yìí, nígbà tí You dé orí Netflix, Penn Badgley tó ṣe Joe, apààyàn náà, ní láti máa bẹ àwọn ọmọbìnrin lórí Twitter ní 2019 pé kí wọ́n má fẹ́ràn Joe mọ́. Alex lépa èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n pa á. Joe lépa èèyàn, wọ́n ní ojú rẹ̀ wuni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin náà pe nọ́ńbà tí mo fún un ní ìgbà mẹ́tàléláàádọ́ta lóru ọjọ́ kan. Ó rán fọ́tò fèrèsé yàrá wa, tí ó yà láti ìta, sórí WhatsApp ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi kò sun họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ́. Ilé àǹtí rẹ̀ ló ti ń wá ṣèdánwò, wákàtí méjì lọ, wákàtí méjì bọ̀. Ó bi mí ní ẹ̀ẹ̀kan péré pé, "Ṣé ìwọ lo fún un?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá mi jà. Ó kàn kó ẹrù rẹ̀ tó kù ni.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà obìnrin wá láti ilé láti mú un lọ. Ó wá sí yàrá wa, ó kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ dìde, mà." Ó ní ó ti ṣe díẹ̀ tí àbúrò òun kò ti sùn, pé ó ń gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà nínú orí rẹ̀, pé ó dá a lójú pé wọ́n ti ṣègbéyàwó. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Àwa tá a mọ̀ ọ́n, olólùfẹ́ là ń pè é, à ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Nítorí náà, èèyàn méjì ni mo ṣẹ̀. Mo fi ọ̀rẹ́ mi sínú ewu nítorí pé ẹni tó ń lé e kò jọ obìnrin olọ́bẹ inú fíìmù. Mo sì fi aláìsàn sílẹ̀ láìtọ́jú nítorí pé àìsàn rẹ̀ jọ ìfẹ́ inú fíìmù. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń lépa obìnrin kò sì ní àìsàn kankan ju àìgbọràn lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹni tí wọ́n ń lé kò gbọdọ̀ dá nìkan wà.

Àwọn bàbá wa ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òwe yìí ju gbogbo àlàyé mi lọ. Hollywood mú apá àkọ́kọ́, ó fi pa owó. Glenn Close mọ apá kejì: Jessie, àbúrò rẹ̀, ní àìsàn bipolar, ní 2010 sì ni Close dá àjọ Bring Change to Mind sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè yé fi àìsàn ọpọlọ ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó ṣe Alex wá di ẹni tó ń gbèjà àwọn tí ayé ń pè ní Alex. Àwa náà ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Adeoye Lambo ti ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé láti 1954, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ayé yìn ín fún iṣẹ́ yẹn. Àwa wá sọ orúkọ Aro di èébú.

Ẹ máa wo fíìmù yín o, èmi náà kò ní yé wò ó. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ yín bá ní ẹnì kan ń tẹ̀ lé òun, ẹ má sọ pé ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ bi í pé ibo ló máa sùn lálẹ́ yẹn. Tí ẹni tó ń tẹ̀ lé e bá jẹ́ èèyàn yín, ẹ wá àwọn ará ilé rẹ̀ kàn kíákíá. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà ẹlòmíràn, omijé ì báà máa dà lójú rẹ̀ bí òjò, ẹ kọ́kọ́ pe oní-nọ́ńbà.

Ọ̀rẹ́ mi yẹn ti gbọ́ ètò yìí kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ. Mo fi ránṣẹ́ sí i, mo ní tó bá ní kí n má gbé e jáde, n kò ní gbé e jáde. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kẹta. Ó ní, "Gbé e jáde. Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi."

Ó dàbọ̀ o. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.